Akàwé Tí Kò Ní Ògbufọ̀

"Akàwé tí kò ní ògbufọ̀, òun nìkan ló gbọ́ ohun tó kà." Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi òwe yìí gún ara yín lára níbi ìpàdé ẹbí, ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá. Àwọn kan ní ilé ìwé ni. Ẹnu lásán ni gbogbo wọn ń pọ́n. Inú pálọ̀ Olóyè Gbádébọ̀ Ọ̀ṣínówò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti wá, ẹ̀rọ tó ń ka àwo orin ló sì bí i.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Olóyè fi ṣe akọ̀wé kóòtù. Ẹ bú u, yóò dárí jì yín. Ẹ dárúkọ ògbufọ̀ létí rẹ̀, ẹ ti fọwọ́ kan egbò. Òun ló ń kọ gbogbo ẹjọ́ sílẹ̀ tí ọwọ́ ń ro ó, ṣùgbọ́n ògbufọ̀, tó kàn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì adájọ́ di Yorùbá, ni ará ìlú ń kí. Ògbufọ̀ ni wọ́n ń gbé iṣu wá fún lọ́dún. Ẹnikẹ́ni kò gbé iṣu kan ṣoṣo fún akọ̀wé rí.

Àwo sídì kan wà nílé Olóyè tí kò ní ìkejì láyé. Kí ìyá Olóyè tó kú, ó ki àwọn ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbígbẹ̀yìn ló fi bẹ̀rẹ̀, Débórà àkọ́bí ló fi parí. Àwo náà wá já bọ́ lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ ha á létí, ibi tí oríkì Débórà wà gan-an. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ àtijọ́ inú pálọ̀ bá ti kà á débẹ̀, á ṣe "kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀", á sì dákẹ́. Débórà, tó ń gbé ní Jọ́ọ̀sì, kò sì gbọ́ ọ rí.

"Ìyá mi ki gbogbo yín," ló máa ń wí, "ó wá fi èmi àkọ́bí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rí he lọ́nà oko."

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin báyìí. Nígbà tí ìrántí ọdún kẹwàá ìyá wọn kù díẹ̀, ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀: "Mò ń bọ̀ wá gbọ́ oríkì mi. Bí mi ò bá gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀run ni n ó ti lọ bèèrè, n ó sì fi ẹjọ́ rẹ sùn."

Ọ̀rẹ́ Olóyè láti kékeré, Múfú alátùn-únṣe rédíò, ní ojú ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ló ti ṣú, kí wọ́n jọ lọ sí Ìbàdàn lọ yan èyí tó mọ̀wé kà dáadáa.

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tó ń fi páànù bísíkíìtì kan ẹ̀rọ? Jókòó ti páànù rẹ, jàre."

Múfú dé fìlà rẹ̀, ó lọ sílé.

Bí Olóyè ṣe dá lọ sí Dùgbẹ̀ nìyẹn, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ohùn. Ó yan ẹ̀rọ bí ẹni yan iṣu. Ó gbé àkọ́kọ́ wò, ó ní ó fúyẹ́ bí ìlérí olóṣèlú. Ó wo ìkejì, iná wínníwínní ló kún ojú rẹ̀, ó ní ilé ọtí lòun ń wò yẹn. Ìkẹta dúdú, irin ni látòkèdélẹ̀. Nígbà tí Olóyè gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ké. Ìyá Ohùn fi àwo kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi ṣeré lórí símẹ́ǹtì sínú rẹ̀. Orin jáde geerege, kò fo ibì kankan.

"Èyí ni tèmi!" ni Olóyè wí.

"Ẹ kú ojú inú, bàbá. Àmọ́ kíkà nìkan niṣẹ́ eléyìí o. Kò lóhùn tara rẹ̀. Àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí ló ń sọ ohun tó kà di orin. Ògbufọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ rà á mọ́ ọn."

Ìyá Ohùn ì bá ti pè é ní orúkọ mìíràn! Olóyè wo àpótí náà, kò ju páálí ṣúgà lọ.

"Ògbufọ̀ tún tẹ̀ lé mi dé ibí? Ìyá, irú akọni yìí tún ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀? Ẹ di òun nìkan fún mi."

"Bàbá, ẹ fetí sílẹ̀ o."

"Mo ti gbọ́. Ẹ dì í!"

Ọjọ́ ìrántí pé. Débórà jókòó sórí àga gbọọrọ, gèlè rẹ̀ ga, ó bọ́ bàtà kí ara lè tù ú. Olóyè so okùn ẹ̀rọ mọ́ ampilifáyà tó ń gbé ohùn sókè, ó ń ròyìn fún un bí òun ṣe kọ ògbufọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ó fi àwo sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Àwo ń yí. Nọ́ńbà ń sáré lójú ẹ̀rọ. Sípíkà dákẹ́ lọ gbári. Olóyè yí bọ́tìnì ohùn sókè títí kò fi ṣeé yí mọ́. Ó gbá sípíkà létí.

Débórà na ọrùn wo nọ́ńbà, ó fi oríkì pe àbúrò rẹ̀. "Àkànmú, ó ti dé ibi tèmi?"

"Ó... ó ti kà á kọjá, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó kà á?"

"Ó kà á dáadáa, mà."

"Ẹ bá mi kí i! Akàwé yín kò ní ògbufọ̀, òun nìkan ló gbọ́ ohun tó kà." Ó ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n Olóyè rí i pé omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Olóyè kò dúró wá fìlà. Ó gba ẹ̀yìnkùlé dé ilé Múfú. Múfú ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

"Mo rò pé ẹ̀rọ gidi ló wà níbẹ̀?"

"Múfú, ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún."

Múfú ṣanwọ́. Ó gbé páànù bísíkíìtì kan lórí àjà, wáyà méjì yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí irùngbọ̀n òbúkọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tinú àpótí Ìyá Ohùn. Nígbà tí wọ́n dé pálọ̀ Olóyè, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín ẹ̀rọ akọni náà àti ampilifáyà, ó tẹ bọ́tìnì. Ohùn ìyá wọn jáde bí ẹni tó wà nínú yàrá kejì. Ó ki àbígbẹ̀yìn, ó ki Àkànmú, ó dé ibi tí ilẹ̀ ti ha á. Ó kọjá:

"Àbẹ̀kẹ́, àkọ́bí mi, òwúrọ̀ mi,
Arìnjẹ́jẹ́ wọ ilé ìdáná,
Àbẹ̀kẹ́ tó jẹ ẹran ọdún tán,
Tó tọ́jú egungun sábẹ́ ẹní àbúrò,
Tí mo na Àkànmú, tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn."

Olóyè fò sókè. "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ o! Mo sọ fún wọn pé n kò jẹ ẹran kankan! Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn!"

Débórà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà. "Àkànmú, má bínú. Múfú, ọkọ mi, fọwọ́ kan páànù rẹ yẹn, jẹ́ kí n tún un gbọ́."

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Olóyè fúnra rẹ̀ ló ru iṣu mẹ́fà lọ sílé Múfú.

Ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn àgbà bá rí ọ̀mọ̀wé tàbí ọlọ́lá tó ń fojú tín-ín-rín ẹni kékeré tó ń bá a gbé ọ̀rọ̀ dé etí aráyé, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á ní kó rọra, akàwé tí kò ní ògbufọ̀, òun nìkan ló gbọ́ ohun tó kà.