Ìdí Tí Ìgbín Fi Ń Tìlẹ̀kùn Mọ́rí Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Nígbà láéláé, nígbà tí ìgbín kò tíì ní ilẹ̀kùn, okùn Aláǹtakùn ni àwọn ẹranko fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹnìkan á sọ̀rọ̀ sí okùn lọ́hùn-ún, okùn á gbọ̀n níbí, wọ́n á gbọ́. Fóònù tiwọn nìyẹn.

Okùn kan ṣoṣo ni Ìgbín ní. Ọ̀dọ̀ Ọ̀pọ̀lọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti wá. Ọ̀rọ̀ omi nìkan ni Ọ̀pọ̀lọ́ sì máa ń sọ: òjò ń bọ̀, odò ń gbẹ, ó parí.

Ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gbé orí igi lókè ilé rẹ̀, okùn tirẹ̀ kò lóǹkà. Bí oòrùn bá ràn, ilé rẹ̀ á máa dán yinrinyinrin. Ìgbín á gbójú sókè, inú á máa ta á bí ata. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá rẹ́rìn-ín, Ìgbín á ní òun ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Ló bá wọ́ lọ bá Aláǹtakùn, ó ní gbogbo okùn tó wọ ilé Ọ̀kẹ́rẹ́, kó fa ẹ̀ka rẹ̀ wá so mọ́ òun ní ìwo. Aláǹtakùn bi í pé ta ni yóò máa dá gbogbo wọn lóhùn.

"Ṣé orí Ọ̀kẹ́rẹ́ tóbi ju tèmi lọ ni?" Ìgbín ní. "Ìwọ ṣáà so ó."

Aláǹtakùn so ó. Ariwo dé. Ọ̀yà ń sọ ohun tó jẹ lánàá, Àgbìgbò ń bú àna rẹ̀. Ìwo Ìgbín ń fà síhìn-ín, ó ń fà sọ́hùn-ún. Àárọ̀ dalẹ́ ló yọrí síta nínú ọyẹ́, ó ń dáhùn, ara rẹ̀ ń gbẹ. Nígbà tí Ọ̀pọ̀lọ́ pè é pé odò ti gbẹ, kí àwọn jọ kó lọ sí àbàtà, kò mọ èwo ló gbọ̀n nínú wọn. Ọ̀pọ̀lọ́ dúró títí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tí Ìgbín yóò fi wá a, ilẹ̀ ti gbóná, kò lè wọ́ mọ́. Ó ké sí gbogbo okùn pé òun ń kú lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Kálukú ń sọ tirẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn.

"Ìyá Oníkarahun, ẹ̀yin tí mò ń jowú yín," ó ní. "Okùn kan, oorun àsùnwọra. Kí lẹ wá ń wá nínú wàhálà mi?"

Ìgbín ní kó ṣáà bá òun fi eyín gé gbogbo okùn náà. Ọ̀kẹ́rẹ́ gé wọn. Ìgbín fa ìwo wọlé, ó fa orí wọlé, ó fi itọ́ díẹ̀ tó kù lára rẹ̀ dí ẹnu ilé. Itọ́ náà gbẹ, ó le, ó funfun bí ẹfun. Ariwo dákẹ́. Ó sùn títí àkọ́rọ̀ òjò fi kan ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ni ìgbín ti ń tìlẹ̀kùn mọ́rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni àfi òjò. Bí ẹ bá sì fọwọ́ kan ìwo rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, kíá ni yóò fà á wọlé. Ó rò pé ẹnìkan tún fẹ́ ròyìn ni.