Súẹ́tà Ọmọ Tuntun

Aṣọ ìgbà là ń dá fún ìgbà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan ò gbọ́. Ní Ìbàdàn, Ìyá Adéoyè wọ súẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ooru sú bo ọmọ lára, kò mu ọyàn mọ́.

“Màámi, ẹ jẹ́ ká bọ́ súẹ́tà yìí,” ìyàwó ọmọ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tọ́jú ọkọ rẹ! Ṣé kí òtútù pa á ni?”

Ó na ọwọ́ sí igbá òrí tó fẹ́ fi pa ọmọ lára. Gbogbo rẹ̀ ti yọ́ di òróró.

“Háà! Nígbà tí mo bí ọkọ rẹ, oṣù kẹta, Ẹrẹ́nà, lòrí ń yọ́. Nígbà àbúrò rẹ̀, Èrèlé ni. Ṣẹ́rẹ́, oṣù kìn-ín-ní ọdún, la ṣì wà yìí!”

Ó bọ́ súẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ náà kúrò lára ọmọ. Ọmọ mu ọyàn, ó sùn fọnfọn.

“Ìyàwó wa,” ni ìyá àgbà wí, “wá bá mi bọ́ súẹ́tà tèmi náà.”