Ajíbóyè Wo Ni Wọ́n Ń Kí?

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ eré apanilẹ́rìn-ín fún tẹlifíṣọ̀n. Látúndé Ajíbóyè ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn mọ ojú àwọn tó ń ṣe eré náà. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu, wọn kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, nítorí Látúndé Ajíbóyè méjì mìíràn wà tí òkìkí wọn kàn. Ọ̀kan ń gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè. Èkejì jẹ́ dókítà ojú ní ìlú ńlá. Bí òǹkọ̀wé yìí bá dárúkọ ara rẹ̀ níbikíbi, ojú ẹni tó gbọ́ á kọ́kọ́ tàn, á wò ó láti òkè délẹ̀, á sì fajúro. Nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ kì í mọ èwo nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń kí.

Ní ọjọ́ kan, ó wa mọ́tò lọ sí ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò, kí ó lè gbọ́ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń bá ara wọn ṣàwàdà. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí ó dé ilé àlejò kan. Obìnrin tó ni ilé náà béèrè orúkọ rẹ̀. Bó ṣe dá a lóhùn báyìí, obìnrin náà pariwo, ó kúnlẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin gan-an rèé, sà?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣeun, sà! Màmá mi tí wọn kì í wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, wọ́n ti ń wò ó báyìí. Ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín!"

Omi lé ròrò sí ọkùnrin náà lójú. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ eré, ẹnikẹ́ni kò kí i bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbé iyán fún un pẹ̀lú ẹja odò tó sanra. Ìyá arúgbó náà tìkára rẹ̀ wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

"N kò rí yín rí," ni ìyá náà wí, "àmọ́ mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ yìí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó gbọ̀n."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kí ó gbọ̀n kẹ̀? Ta ló ń bẹ̀rù kí ọwọ́ òǹkọ̀wé gbọ̀n? Ó tún rò ó pé bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣàdúrà níbí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Ó fẹ́ béèrè pé, "Màmá, Ajíbóyè wo lẹ ń wí?" Ìbéèrè náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja náà dùn, ìkíni náà sì dùn jù ú lọ. Ó fi òkèlè tì í padà.

Obìnrin tó ni ilé ní, "Àwọn kan á fẹ́ rí yín, sà. Ṣé kí wọ́n máa bọ̀?"

"Ó ti rẹ̀ mí. Kí wọ́n wá láàárọ̀."

Àgbẹ̀ kan wà nílùú náà tí igi ẹ̀gẹ́ gún ọmọbìnrin rẹ̀ lójú lóko. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ó fẹ́ gbé ọmọ náà lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí ìròyìn kàn án pé dókítà ojú fúnra rẹ̀ ti wọ̀lú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ sì lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òǹkọ̀wé jáde, ó ti fi ẹ̀rín sẹ́nu de àwọn tó fẹ́ràn eré rẹ̀. Àgbẹ̀ náà ló bá lórí ìdọ̀bálẹ̀. Ọmọ náà fi aṣọ bo ojú kan, ó ń mì tìtì.

"Dókítà, ẹ bá wa wò ó."

Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ yé e: tẹlifíṣọ̀n tí ìyá arúgbó ti ń rí wò láti ìgbà tí dókítà ti wo ojú rẹ̀ sàn, àti ọwọ́ tí kò gbọdọ̀ gbọ̀n.

"Èmi kọ́," ni ó wí. "Eré ni mo ń kọ."

"Ẹ má fi wá ṣeré, sà," ni àgbẹ̀ náà dáhùn. "Ó ń dun ọmọ."

Òǹkọ̀wé búra títí àgbẹ̀ náà fi gbà á gbọ́. Ó gbé wọn sínú mọ́tò rẹ̀, ó sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní ilé ìwòsàn ní ìlú ńlá, dókítà tòótọ́ béèrè orúkọ ẹni tó gbé wọn wá. Òǹkọ̀wé nawọ́ sí ọmọ náà, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ bá wa wo ojú rẹ̀, sà."

Nígbà tó yá, dókítà bọ́ síta. "Mo ṣe ohun tí agbára mi mọ. Ì bá ṣe pé alẹ́ àná lẹ gbé e dé ni, ojú náà ì bá là." Ọmọ náà ń fi ojú yẹn rí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi í dá ènìyàn mọ̀.

Òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun kò pe ara òun ní dókítà rí, pé ọ̀rọ̀ náà ló rú òun lójú.

"Lóòótọ́, ọ̀gá, ẹ ò pe ara yín ní dókítà," ni àgbẹ̀ náà wí. "Ṣùgbọ́n oúnjẹ dókítà lẹ jẹ."

Ó kẹ̀yìn sí òǹkọ̀wé, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, n kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ rú ènìyàn lójú. Ohun tó jọra pọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n iyèméjì tí o mọ̀ọ́mọ̀ gbé mì nítorí pé ó ń bá ọ lára mu, ìyẹn ti kúrò ní àìmọ̀. Wọ́n lè yìn ọ́ níbi iṣẹ́ fún ohun tí ẹlòmíràn ṣe. Wọ́n lè kí ọ láàrin ìjọ fún àánú tí o kò ṣe. Bí inú rẹ bá ń sọ fún ọ pé ó lè má jẹ́ ìwọ ni wọ́n ń kí, má tíì fọwọ́ kan oúnjẹ. Béèrè. Ojú á tì ọ́ díẹ̀. Ó sàn kí ojú tì ọ́ ju kí ojú ọmọ ọlọ́mọ fọ́ lọ.