Àwọ̀n Ẹ̀gbẹ́ Òkè

Ta lẹ ti rí rí tó sọ òkò sọ́jà, tí kò ba ará ilé rẹ̀?

Ìjọba ta àwọ̀n irin bo ẹ̀gbẹ́ òkè Aràgbá, kí òkúta má baà máa já sójú títì. Ajíbádé gé nínú rẹ̀, ó fi kọ́ ilé adìyẹ fún ìyá rẹ̀.

"Màámi, àwòdì ò ní gbé òròmọdìyẹ yín mọ́."

Ìyá wúre fún un, kò béèrè ibi tó ti rí i.

Nígbà tí òjò rọ̀, òkúta gba ojú ibi tó gé já, ó pa Morẹ́nikẹ́, ìyàwó Ajíbádé, bó ṣe ń ru iṣu bọ̀ láti oko.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìlú pé síwájú ilé baálẹ̀. Ajíbádé ló ń pariwo jù.

"Àwọn alágbàṣe inú abà ló gé àwọ̀n. Ẹ lé wọn lọ tọmọtọmọ."

Àwọn ọ̀dọ́ ti mú kùmọ̀, wọ́n ti yí àwọn alágbàṣe náà ká. Baálẹ̀ kọjú sí ìyá.

"Ìyá àgbà, ẹ̀yin lọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Kí lẹ wí?"

Ìyá wo àwọn ọmọ alágbàṣe tí wọ́n rọ̀ mọ́ aṣọ ìyá wọn. Ọmọ kan ṣoṣo lòun náà ní, ọmọ náà ni yóò sì sin ín bó bá kú.

"Baálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ju kùmọ̀ sílẹ̀. Àwọ̀n náà wà lára ilé adìyẹ mi. Ajíbádé tí mo bí ló gé e."