Kòkó Tí Kò Lè Tán Lórí Igi

Olóyè Akínbọ̀dẹ́ ní oko kòkó ńlá kan lẹ́bàá Oǹdó, Ọ̀jẹ́wálé tó ti Ìgànná wá sì jẹ́ lébìrà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé ìyàwó Ọ̀jẹ́wálé ti bímọ, ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun lọ sọ ọmọ lórúkọ, ni Olóyè bá ní, "Ọjọ́ tí kòkó bá tán lórí igi mi ni wàá lọ." Àwọn lébìrà yòókù bú sẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n ti ká gbogbo èyí tó pọ́n, kí àwọn wẹ́wẹ́ tó kù sì tó pọ́n, ọmọ á ti máa rákò. Ọ̀jẹ́wálé dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá." Ó mú dòjé, ó kọ ọ́ mọ́ ọrùn kòkó kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Olóyè figbe ta: "Kí lò ń ṣe yẹn?" "Mo fẹ́ kó tán ni, bàbá." "Ṣé o fẹ́ ba tèmi jẹ́ ni? Fi í sílẹ̀!" "Èyí ńkọ́?" "Fi í sílẹ̀!" "Tọ̀hún yẹn ńkọ́?" "Gbogbo wọn ni kí o fi sílẹ̀, jàre!" Ọ̀jẹ́wálé sọ dòjé kalẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun. Èyí tí ẹ lè jẹ́ kí n ká ti tán nìyẹn." Ẹ̀rín ni Olóyè fi dáhùn. Ó gbé odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún un, ó ní, "Gbé e fún ìyá ọmọ. Ọlọ́run á wo ọmọ náà dàgbà, yóò sì wá ṣe lébìrà fún mi bíi bàbá rẹ̀." Ọ̀jẹ́wálé gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé orí. "Ẹ ṣeun, ẹ kú oore, bàbá. Mo ṣe àmín sí gbogbo àdúrà yín, àfi èyí tó kẹ́yìn yẹn."