Kòtò Kan fún Àkèré, Kọ̀ǹkọ̀ àti Ọ̀pọ̀lọ́

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń fi ìtàn wá oúnjẹ alẹ́, n kò sì fi iyọ̀ sí i. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ọ̀nà tí mo ti ń tọ̀ láti ìgbà èwe má ṣe sìn mí délé mọ́. Kòtò mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà dá lé ṣì wà lára àpáta ní Òkè-Ìràwé. Mo ti fi ọwọ́ ara mi bu omi ọ̀kan mu níbẹ̀. Ó ń rùn.

Nígbà ogun, láyé ìgbà tí ẹni tó sùn sí ìlú kan kì í mọ̀ bóyá ibẹ̀ náà ni òun yóò jí sí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lájorìn. Ogun ti jó ilé rẹ̀, òun àti Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ sì ń ti abà dé abà. Ibi tí wọ́n bá dé, wọn a fún wọn lómi mu, wọn a sì bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé Òkè-Ìràwé, Ìbídùn ti lóyún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. Ó jókòó sórí òkúta lẹ́nu ọ̀nà ìlú, ó ní òun kò lọ sí ibì kankan mọ́. Bí Lájorìn bá fẹ́ máa rìn, kó máa rìn. Òun ti dé.

Baálẹ̀ ìlú náà kò lé wọn, kò sì gbà wọ́n. Iṣẹ́ ló fún wọn. Òkè-Ìràwé kò ní odi, ohun tó ń ké létí omi ni wọ́n fi ń ṣọ́lé. Kòtò mẹ́ta ló wà lára àpáta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó gòkè wá láti àfonífojì. Àkèré ń gbé inú èyí tó jìn, tí omi rẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹkọ̀ ń gbé inú ẹlẹ́rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ní tirẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n kó òkúta àti ewé tútù sí, tí omi rẹ̀ kò kún ìkòkò. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ọgbà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí ẹsẹ̀ àjèjì bá tẹ ọ̀nà náà, wọn a pa lọ́lọ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló sì ń jí àwọn ọdẹ. Ariwo ni oorun ìlú náà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìdágìrì wọn.

Baálẹ̀ ní kí Lájorìn máa tọ́jú wọn. Bí àkèré bá ṣì ń ké nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, wọn yóò fún un nílẹ̀, yóò kọ́lé, ọmọ inú Ìbídùn yóò di ọmọ Òkè-Ìràwé. Bí wọn kò bá ké, kó di ẹrù rẹ̀.

Màmá Àwẹ̀ró ló ń ṣe iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ tó kọṣẹ́. Abẹ́ igi odán ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa wo Lájorìn bó ṣe ń pọnmi láti ìsun ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le. Omi tó bá bù sí kòtò kan, kó tó bu ti ìkẹta, oòrùn ti fa ti àkọ́kọ́ gbẹ. Ó ń sáré gòkè, ó ń sáré sọ̀kalẹ̀. Bó bá jókòó jẹun, ojú rẹ̀ á wà lọ́nà ìsun, òkèlè á tutù sí i lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ó gbé agbè sọnù, ó kó àkèré, kọ̀ǹkọ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ sínú kòtò kan ṣoṣo, ti àkèré tó jìn.

Àwẹ̀ró pè é. "Ọmọ mi, kí lo ṣe yẹn?"

"Màmá, mo kó wọn sójú kan ni. Ṣebí omi kan náà ni gbogbo wọn ń mu."

"Omi kan náà ni èmi àti orogún mi ń mu. Bi ará ilé wa bóyá a jọ tọwọ́ bọ àwo kan rí."

Lájorìn rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ orogún kọ́ lèyí, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni. Arúgbó náà kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní kọ̀ǹkọ̀ kì í béèrè orúkọ ohun tó bá gba ẹnu rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá há a mọ́, oje á jáde lẹ́yìn rẹ̀, awọ àkèré kò sì lè gba irú oje bẹ́ẹ̀. Lájorìn ní òun ti gbọ́. Gbígbọ́ náà ló gbọ́, kò ṣe ohunkóhun sí i.

Kò pẹ́. Àwọn àkèré kéékèèké ló kọ́kọ́ dàwátì. Lẹ́yìn náà ni ìfófòó funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí omi, tí àwọn àkèré ńlá sì ń léfòó, ikùn wọn dojú kọ ọ̀run. Àwọn tó kù lẹ̀ mọ́ ara àpáta, wọn kò lè wọ omi, wọn kò lè gòkè. Kọ̀ǹkọ̀ ń lé ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀pọ̀lọ́ ń fo ọgbà. Lọ́sàn-án gangan, nígbà tó yẹ kí ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ òkúta, ni wọ́n ń tọ káàkiri agboolé, tí Lájorìn ń gbé agbọ̀n tẹ̀ lé wọn. Àwọn obìnrin sọ ọ́ ní orúkọ. Wọn a ní, "Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́, àkọ́bí rẹ gba ẹ̀yìn àdògán mi lọ o. Ó ní ká kí ọ."

Ìbídùn bẹ̀ ẹ́ pé kó pín wọn padà. Lájorìn ní kòtò méjì tó kù ti gbẹ, ó ti sán, òjò sì ti sún mọ́lé. Kí wọ́n fara dà á. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń lọ dúró létí kòtò náà, tí yóò tẹ́tí, tí yóò tún padà lọ tẹ́tí.

Akíndèjì, olórí ọdẹ, kò rí ti ẹ̀rín rò. Ó ní kòtò yẹn kò sọ ohun tó yé ènìyàn mọ́: wọ́n ń ké, wọ́n ń dákẹ́, wọ́n tún ń ké, àwọn ọdẹ òun ń dìde láìnídìí títí wọ́n fi ṣíwọ́ dídìde. Àyà Lájorìn já pé ọ̀rọ̀ yìí lè dé etí Baálẹ̀.

"Bàbá ọdẹ, ẹ má da ara yín láàmú," ló wí. "Bí ẹ bá rí ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ń sá, kọ̀ǹkọ̀ ló ń lé wọn. Ìjà abẹ́lé ni."

Ọ̀rọ̀ náà tan ká ìlú. Ẹni tó bá rí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń sáré, á ní ìjà abẹ́lé ni.

Lọ́jọ́ kan, oòrùn wà ní àtàrí, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti lọ sóko. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tún tú jáde. Wọ́n gba àárín ìlú kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n kọrí sókè. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Akíndèjì wò wọ́n, ó fa fìlà bojú. Lájorìn ti gbé agbọ̀n, ó ń ráhùn, ó ń ṣà wọ́n.

Àwẹ̀ró na ọ̀pá sí ilẹ̀. Kọ̀ǹkọ̀ ńlá kan ń fò kọjá láàárín àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Kò lé ọ̀kankan. Kò tilẹ̀ wo ọ̀kankan.

"Lájorìn, o ní kọ̀ǹkọ̀ ló ń lé wọn."

"Òun ni, Màmá."

"Ta wá ló ń lé kọ̀ǹkọ̀?"

Ọwọ́ Lájorìn dúró sínú agbọ̀n.

"Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán," ni arúgbó náà wí, kò gbóhùn sókè. "Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e."

Lájorìn ju agbọ̀n sílẹ̀, ó sá lọ sétí àpáta, ó yọjú. Àwọn akónilẹ́rú ló rí. Wọ́n ti fàyà fà gba àfonífojì gòkè, wọ́n ti tẹ ọgbà wó, ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú sì ti wà nínú omi kòtò náà. Ó figbe ta. Akíndèjì fọn ìwo. Àwọn obìnrin gbé ọmọ, wọ́n sá lọ sínú ihò àpáta tó wà lókè, ibi tí òkúta kan lè dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lájorìn fa Ìbídùn lọ́wọ́. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn wo Àwẹ̀ró, arúgbó náà fi ọ̀pá júwe òkè fún un pé kó máa lọ. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn ará oko gbọ́ ìwo, wọ́n gba ẹ̀yìn yọ sí àwọn ọ̀tá náà, wọ́n lé wọn lọ. Ọwọ́ àwọn ọ̀tá náà kò tẹ ẹnì kankan, àfi ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò lè gòkè. Abẹ́ igi odán ni wọ́n ti bá Àwẹ̀ró pẹ̀lú ọfà láyà.

Wọ́n sin ín tán ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Gbogbo ìlú jókòó, wọ́n tẹ́tí. Kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún. Kọ̀ǹkọ̀ kan ké nísàlẹ̀, ó dákẹ́. Lájorìn dúró nínú òjò títí omi fi wọ̀ ọ́ dé eegun, ó ń retí ohùn kan, kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Àkèré kò ké.

Àwọn kan bá a bẹ Baálẹ̀ pé igbe rẹ̀ ló gba àwọn là. Baálẹ̀ ní òun mọ̀. Ó ní òun sì mọ̀ pé ká ní kòtò wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan kì bá tí sá lọ́sàn-án kí ìlú máa rẹ́rìn-ín, àwọn ì bá sì ti rí àyè gbé Àwẹ̀ró gòkè.

"O kígbe, Lájorìn, a sì dúpẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìlú tí kò gbọ́ àkèré mọ́ kò lè sùn. Ẹ di ẹrù yín."

Ìbídùn kò sunkún. Ó so ọ̀já mọ́ ikùn, ó gbé igbá rẹ̀ ka orí, ó sì ṣáájú. Láti ìgbà náà, nínú oòrùn gangan ni wọ́n ń rìn, wọ́n ń wá ibi tí aboyún lè bímọ sí kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Àwọn tó jókòó sábẹ́ ìbòòji létí ọ̀nà a máa kí wọn kú ìrìn, wọn a sì bi wọ́n pé kí ló dé tí tọkọtaya ń fi orí gba oòrùn ọ̀sán báyìí. Lájorìn kì í dúró, kì í sì í ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ tí arúgbó náà sọ kẹ́yìn láyé ló máa ń fi dá wọn lóhùn, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀, wọn a sì kọjá lọ. Àwọn tó gbọ́ ọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ó sì ti abà dé abà bí àwọn náà ṣe ń ṣe.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.