Ohun Tí Lágbàyí Fi Rúbọ

Gbìì-nílẹ̀-gbìì-lọ́wọ́,
Apẹ̀rẹ̀-òkè-kò-nídìí.
Àwọn awo méjèèjì yìí ló yẹ̀ ẹ́ wò fún Lágbàyí, kóòṣì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Ayán, ní ọjọ́ tí ìjákulẹ̀ ká a mọ́, tí ó ń wá ọ̀nà tí iṣẹ́ kò fi ní bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹbọ ni. Kò yẹ kí a fi kún un, kò sì yẹ kí a yọ níbẹ̀.

Lágbàyí ga. Nígbà èwe rẹ̀, bó bá gbé bọ́ọ̀lù fò sókè, àwọn òǹwòran a gbójú sókè, wọn a máa retí ìgbà tí yóò bọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bọ̀, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Kò fò mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó wá jókòó sí etí pápá, ibẹ̀ ló sì ti rí i pé bí ẹsẹ̀ òun kò bá lè wọ pápá mọ́, ohùn òun lè wọ̀ ọ́. Ohùn náà tóbi. Ó fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé kéékèèké, wọ́n gba ife. Ó fi kọ́ àwọn ọmọ girama, wọ́n gba ife. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Ayán gbọ́ òkìkí rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè é, wọ́n fún òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ nílé nínú ọgbà.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ni nǹkan ti yíwọ́. Àwọn ọmọ náà ga, wọ́n yára, wọ́n sì gbọ́ràn. Síbẹ̀ wọ́n ń pàdánù. Bí Lágbàyí ti ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pàdánù tó. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì pè é, ó ní bí ìdíje ọdún yìí bá tún lọ bẹ́ẹ̀, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ẹni tí kò lè fò mọ́, tí kò sì kọ́ iṣẹ́ mìíràn, níbo ni yóò gbà? Ṣùgbọ́n ohun kan tún ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Kí ló dé tí ikọ̀ tó dára fi ń pàdánù? Ìbéèrè yìí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn awo.

Wọ́n ní ìṣẹ́gun wà nílẹ̀ fún un, nǹkan kan ló bò ó. Wọ́n ní kó fi ẹyẹlé àti obì rúbọ, ó rú u lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó ku ọ̀kan, òun sì ni olórí ẹbọ. Wọ́n ní, "Fi ohùn rẹ rúbọ."

Ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Fèrè tí Lágbàyí ti ń fọn láti ìgbà pípẹ́ ti dí i létí díẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan, kí wọ́n má baà ní ó ti darúgbó. Ohùn ni àwọn awo wí, ohun ló gbọ́. Ó fẹ́ béèrè. Ó wojú wọn, ojú tì í. Ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó délé, ó ń wo ohun ìní rẹ̀ káàkiri. Èwo nínú wọn? Ó mú bàtà tó fi gba ife àkọ́kọ́, ó gbé e lọ sí oríta. Wọ́n pàdánù. Ó gbé rédíò lọ. Wọ́n tún pàdánù. Ó gbé àga tó máa ń fẹ̀yìn tì. Àwọn ará ọgbà ń wò ó, wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé kóòṣì ti ń kó ẹrù lọ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó lé e. Nígbà tó nawọ́ sí máṣíìnì ìránṣọ, Àwẹ̀ró jókòó lé e.

"Baba Jọláadé, èyí kì í ṣe ohun yín. Tèmi ni. Kí ni wọ́n tiẹ̀ ní kí ẹ fi rúbọ gan-an?"

"Ohun mi."

"Ohun yín wo?"

"Wọn ò sọ èyí tó jẹ́."

"Ẹ̀yin náà ò sì bi wọ́n."

Àwẹ̀ró wé gèlè, ó bọ́ síwájú, wọ́n padà lọ sọ́dọ̀ àwọn awo.

Apẹ̀rẹ̀-òkè-kò-nídìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Kóòṣì, kí la fẹ́ fi rédíò ṣe? Ohùn la wí, èyí tó ń ti ọ̀fun rẹ jáde." Ó wá là á yé e pé ní ọjọ́ eré tó kẹ́yìn nínú ìdíje, láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti gòkè títí tí yóò fi parí, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ fọn fèrè.

Lágbàyí kò rẹ́rìn-ín. Ó lè ra bàtà mìíràn. Ṣùgbọ́n ohùn yìí ló kù ú kù.

"Baba, bí mo bá dákẹ́, kí ni mo wá ń ṣe níbẹ̀?"

Awo ní, "Lọ wò ó."

Ọjọ́ pé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìdí-Àfọ̀n ni wọ́n fẹ́ bá gbá a. Lágbàyí sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun kò ní sọ̀rọ̀ lónìí. Tìjání, olórí ikọ̀, béèrè bóyá ọ̀fun ń dùn wọ́n ni. Ó mi orí. Bọ́ọ̀lù gòkè. Kò pẹ́ tí Ìdí-Àfọ̀n fi ṣíwájú.

Èṣù kò sì sùn. Ó gbé àwọ̀ òǹwòran wọ̀, ó dúró lẹ́yìn Lágbàyí, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Ẹ wo kóòṣì yín," ó ń wí fún àwọn tó yí i ká, "àfi bí ẹni tó fi ọ̀fun dógò." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń wò láti iwájú. Lágbàyí la ẹnu. Ó rántí ẹbọ, ó pa ẹnu dé, ó fi eyín di ìka rẹ̀ mú.

Nígbà náà ló tó gbọ́. Ohùn Tìjání ni, kò ga rárá: "Apá òsì, Káyéjọ́." Káyéjọ́, ẹni tó kúrú jù nínú wọn, dá a lóhùn pé òun ti rí i. Ẹlòmíràn ń kìlọ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ nípa ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lágbàyí yí etí rẹ̀ tó dára jù sí wọn. Ìgbà wo ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ó wò wọ́n títí ó fi yé e. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ohùn òun ló bò ó.

Wọ́n bá Ìdí-Àfọ̀n. Ayò dọ́gba. Àkókò kù díẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Tìjání, apẹ̀rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. "Jù ú!" ni ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀fun Lágbàyí. Ó gbé e mì. Káyéjọ́ ló sọ̀rọ̀, láti ẹ̀yìn: "Mo wà níbí." Tìjání ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú. Ọmọ Ìdí-Àfọ̀n kan fò jáde láti ẹ̀gbẹ́, ó na apá gbọọrọ, ó gbá afẹ́fẹ́. Bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ Káyéjọ́. Káyéjọ́ jù ú, ó wọlé.

Lágbàyí ń wo apá gígùn náà. Bí òun bá pariwo ni, Tìjání ì bá gbọ́ràn sí òun lẹ́nu.

Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ̀ kalẹ̀ wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó má palẹ̀ ẹrù kankan mọ́. Èṣù gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára, ó bá wọn pàtẹ́wọ́. Lágbàyí dàgbà sínú iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ń kọ́ṣẹ́, ó ń sọ̀rọ̀. Bí ìdíje bá dé, ó ń rúbọ. Àwọn kóòṣì mìíràn a máa wá jókòó nítòsí rẹ̀, wọn a máa wo ọwọ́ àti ojú rẹ̀, bóyá wọn yóò rí àmì tó fi ń pàṣẹ. Wọn kò rí nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò fún yín tí wọ́n ní kí ẹ rúbọ, ẹ rú u. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ dáadáa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tijú, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó dìde. Lágbàyí rú púpọ̀, kò dà. Ó padà lọ béèrè, ó rú ẹyọ kan tí wọ́n wí, ó sì dà.